Kútẹ́ẹ̀sì àti lípísítíkì olówó pọ́ọ́kú: Ẹ dán an wò lára yín kí ẹ tó kó o sí ṣọ́ọ̀bù

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ẹni tó ń ṣe ara lóge mu, bẹ́ẹ̀ náà ló bá ẹni tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ mu. Ẹni tó bá fẹ́ máa ta kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kùn sí èékánná, tàbí lípísítíkì tí wọ́n ní kì í tètè ṣí lẹ́nu, ilé rẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni yóò bá a dán ọjà náà wò, owó òwò rẹ̀ ni wọn yóò sì fi dán an wò.

Ní àdúgbò Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, irú ọjà yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ó wà ní ìsọ̀ àwọn onídìrí, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìpara àti lọ́fínńdà, ó wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì wà nínú àpótí àwọn ọmọ Hausa tí wọ́n ń gé èékánná kiri. Owó tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ààyè tó ń gbà kò tó nǹkan, kì í sì í jẹrà bíi tòmátì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá àti ọ̀dọ́bìnrin fi ń fi í kún òwò tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọjà tó rọrùn láti kó jọ, ó rọrùn kó kú síni lọ́wọ́.

Lókè òkun, inú kẹ́míìsì ńláńlá, bíi Boots ní ìlú Ọba, ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ra kútẹ́ẹ̀sì àti lípísítíkì tí kò wọ́n. Orúkọ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, oníbàárà sì lè rí orúkọ kan náà rà fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ tó wà lára ìgò lónìí lè má sí lọ́jà mọ́ nígbà tí ẹ bá tún padà lọ sí Lagos tàbí Dùgbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń tà á ló gbọ́dọ̀ dúró bí ẹlẹ́rìí fún ọjà. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni oníbàárà ń rà, kì í ṣe orúkọ ara ìgò.

Orúkọ ń tà, àmọ́ kì í ṣàdédé tà

Kútẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa ń pè é yìí, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ni. Ọ̀gbẹ́ni Northam Warren ló dá Cutex sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1911. Ọjà tó fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà èékánná rárá, oje kan tó ń mú kí awọ etí èékánná rọ̀ ni. Nígbà tó yá ló wá fi ọ̀dà kún un. Bí a ṣe ń pe ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo, bóyá Omo ni o tàbí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Cutex ṣe di orúkọ gbogbo ohun tí a ń kùn sí èékánná. Ṣáájú rẹ̀, làálì ni àwọn obìnrin wa ń lé sí ọwọ́ àti èékánná, àwọn ìyàwó tuntun ṣì ń lé e dòní.

Owó ọjà yìí kò dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, CBN, gbé orúkọ ọjà 41 jáde, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé láti òkè òkun kò ní rí dọ́là rà ní ọjà ìjọba. Ọṣẹ àti èròjà ìṣaralóge wà lára wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà, CBN ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Lípísítíkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà láìronú tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń ronú sí. Oníbàárà tó ń ronú kó tó rà, tí ọjà náà sì já a kulẹ̀, kì í padà wá. Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó

Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tí a fẹ́ lò yìí, kí ẹ fi tiyín sí i. Ká ní ẹ ra dọ́sìnnì kútẹ́ẹ̀sì kan, ìgò 12, ní ₦9,600. Ìgò kọ̀ọ̀kan di ₦800. Ẹ ń ta á ní ₦1,200. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà tán, ₦14,400 ni yóò wọlé, èrè yín sì jẹ́ ₦4,800.

Ká wá ní kútẹ́ẹ̀sì náà ń bó lọ́jọ́ kejì. Ẹ ta ìgò 8, àwọn tó rà á sọ fún ọ̀rẹ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè rẹ̀ mọ́. Ìgò 8 ní ₦1,200 jẹ́ ₦9,600 géérégé. Owó òwò yín padà, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò wọlé lérè, owó ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ sọ́jà ti wọgbó, ìgò 4 sì wà lórí pẹpẹ tó ń gbẹ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé oníbàárà mẹ́jọ ti rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ta ọjàkọjà fún wọn.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ ra ìgò kan péré ní ₦1,000, tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò, ₦1,000 ni gbogbo àdánù yín bí kò bá dáa. Bí ó bá dáa, èrè dọ́sìnnì àkọ́kọ́ yóò dín sí ₦3,800, ti dọ́sìnnì kejì yóò sì pé ₦4,800. Owó àyẹ̀wò ni ₦1,000 yẹn, kì í ṣe owó àpadánù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó yín bí ẹ ṣe ń kọ owó ọkọ̀.

Bí a ṣe ń dán kútẹ́ẹ̀sì wò

Ó dáa kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń fi òwú tàbí igi ṣe, tí wọ́n ń pè ní nitrocellulose, ló ń di awọ líle lórí èékánná. Wọ́n yọ́ ọ sínú oje tó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, oje yẹn ló ń rùn fíríndín-fíríndín tí ẹ bá ṣí ìgò. Wọ́n fi àwọ̀ sí i, wọ́n sì fi èròjà tó ń jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ sí i kó má bàa tètè ya. Bí oje bá ti fẹ́ lọ tán, awọ náà á kù. Ìyẹn ni pé kútẹ́ẹ̀sì tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó le dáadáa.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀ tó tóbi jù. Èékánná máa ń mu omi, á wú, bó bá sì gbẹ, á sún kì. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò rọ̀ kò lè bá a lọ, á ya, á sì bó láti etí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin tó ń fọ aṣọ, tó ń fọ abọ́, tó ń fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà, kò jọ ẹni tó wà nínú àwòrán ara páálí.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fọ èékánná mọ́, kí ẹ nu òróró orí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ásítóònù díẹ̀, kí ó gbẹ. Ẹ kun ẹ̀ẹ̀mejì tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tó ki, nítorí èyí tó bá ki kì í gbẹ dénú. Ẹ má ṣe fi tuntun sí ọwọ́ kan kí ẹ fi èyí tí ẹ ti mọ̀ sí ọwọ́ kejì, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ jù, yóò sì dà bí ẹni pé èyí tó wà níbẹ̀ ni kò dáa. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ fi méjèèjì sí ọwọ́ méjèèjì, ìka kan tuntun, ìka kejì èyí tí ẹ ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe iṣẹ́ ilé yín bó ṣe wà, ẹ má ṣe dáàbò bo ọwọ́.

Lálaalẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rí: ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ bó ní orí? Ṣé epo ọbẹ̀ tàbí kọ́rì yí àwọ̀ èyí tó funfun padà? Ṣé ó ṣì ń dán? Ní ọjọ́ keje, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ wò bóyá ó fi àbàwọ́n sílẹ̀. Àwọn pupa tó dúdú sábà máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ bí wọn kò bá fi èyí tí kò ní àwọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín lò pẹ̀lú. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ onídìrí tí ọwọ́ yín kì í kúrò nínú omi, ẹ fún ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì. Èsì méjèèjì ni ẹ ó máa sọ fún oníbàárà.

Bí a ṣe ń dán lípísítíkì wò

Lípísítíkì àtijọ́, ìda àti òróró ni, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ ife tíì àti kọ́là aṣọ. Èyí tí wọ́n ní kì í ṣí, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbé e gbà. Oje tó ń fẹ́ lọ ló wà nínú rẹ̀, bó bá ti lọ, á fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àwọ̀ sílẹ̀ lórí ètè. Omi kì í sábà ṣí awọ yìí. Òróró ló ń ṣí i. Ẹni tó bá sì mọ oúnjẹ Ìbàdàn mọ̀ pé òróró kò ní ṣàì kan ètè.

Ẹ kùn ún sí ètè tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìpa ètè pọ̀. Ẹ fi bébà funfun tẹ ètè, kí ẹ wò bóyá àwọ̀ bá bébà lọ. Ẹ mu omi, kí ẹ wo ife. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, tàbí àkàrà gbígbóná. Ẹ wo dígí. Bí àárín ètè nìkan bá ṣí, èyí tó pọ̀ jù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ẹ̀hámọ́ra-ẹ̀hámọ́ra bí ọ̀dà ògiri tó ń bó, ẹ má kó o. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ètè ti gbẹ tàbí ó ti ń ya. Nígbà ọyẹ́, èyí ni ẹ̀sùn tí ẹ máa gbọ́ jù. Níkẹyìn, ẹ fi òróró àgbọn tàbí Vaseline nù ún. Èyí tó jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀ ló ń gbà kó tó kúrò yóò dá ètè légbò.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ ní ìta, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ tó rẹwà nínú páálí lè dà bí ẹfun lára adúláwọ̀. Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí ètè, ẹ fi díẹ̀ sí inú apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá yún yín tàbí tó wú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ta ni yóò rà á ní Ẹlẹ́yẹlé?

Ọjà tó yege nínú àyẹ̀wò tún gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín mu. Ẹlẹ́yẹlé ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Nínú ìlànà ìmọ́tótó ọwọ́ tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2009, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan aláìsàn má ṣe lẹ èékánná àtọwọ́dá, kí wọ́n sì jẹ́ kí èékánná tiwọn kúrú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ọjà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò rí èrè nínú lípísítíkì tó rọra tàn ju èékánná gígùn lọ. Bí wọ́n bá sì ra kútẹ́ẹ̀sì fún ìsinmi, ẹ ta ásítóònù mọ́ ọn fún wọn, torí wọn yóò pa á rẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, ẹ rán an létí kó pa tirẹ̀ rẹ́, nítorí kútẹ́ẹ̀sì tó dúdú lè ṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Àwọn mùsùlùmí obìnrin pọ̀ n'Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú wọn kì í kun kútẹ́ẹ̀sì nítorí omi àlùwàlá kò ní kan èékánná. Làálì kò ní ìṣòro yìí, torí àwọ̀ lásán ló ń fi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Inglot ti ilẹ̀ Poland ti gbé kútẹ́ẹ̀sì kan jáde tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ àti omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n àwọn àáfà kò fẹnu kò lórí irú rẹ̀. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kó làálì, ẹ kó lípísítíkì, kí ẹ jẹ́ kí oníbàárà bá àáfà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tí òfin àti ìlera ń béèrè

Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ló ń mójú tó èròjà ìṣaralóge. Èyí tí wọn kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, òfin kò fàyè gba kíkó o wọlé tàbí títà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ wo orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí alátapọ̀ bá ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ìyẹn, ẹ rántí pé ṣọ́ọ̀bù yín ni wọn yóò wá, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ ka èròjà inú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2004 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de dibutyl phthalate, tí wọ́n ń pè ní DBP, nínú ohun ìṣaralóge. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n tún fòfin de èròjà TPO, tó máa ń wà nínú àwọn kútẹ́ẹ̀sì jẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń fi iná UV gbẹ. Ẹni tó bá ń ra jẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú báyìí, kó wá lẹ́tà mẹ́ta yìí lára ìgò kó tó sanwó.

Lípísítíkì tí ẹ fi sílẹ̀ kí oníbàárà fi wo àwọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ètè méjì kàn án, torí àrùn ẹnu ń ràn. Ẹ ha díẹ̀ sórí igi tín-ín-rín tàbí òwú ìnuetí, kí ẹ sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí ẹnì kan bá lò ó. Kútẹ́ẹ̀sì àti ásítóònù ń gbiná kíákíá, ẹ má ṣe kó wọn sún mọ́ jẹnẹrétọ̀, sítóòfù tàbí àbẹ́là. Ẹ má sì tò ó sí ojú oòrùn, yóò ki. Bó bá ki, ẹ má ṣe da ásítóònù sí i, yóò bà á jẹ́. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n fi ń pò ó lọ́tọ̀.

Àyẹ̀wò lè di òwò ńlá

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni àyẹ̀wò. Hazel Bishop, obìnrin onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Amẹ́ríkà, inú ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń po lípísítíkì lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́. Àyẹ̀wò tó ṣe lé ní 300 kó tó rí èyí tí kì í ṣí. Nígbà tó gbé e jáde ní 1950, ní dọ́là kan péré, àwọn obìnrin dù ú. Ṣùgbọ́n ó ti fún ẹni tó ń bá a polówó ọjà ní ìpín tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì gbé ara wọn lọ sí kóòtù, nígbà tó sì di 1954, ó ti kúrò nínú ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: àyẹ̀wò ló ń bí ọjà tó dáa, ìwé àdéhùn ló sì ń dáàbò bo ẹni tó ṣe é.

Nílé níbí, Tara Fela-Durotoye bẹ̀rẹ̀ House of Tara ní 1998, nígbà tó ṣì ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Lagos. Ojú àwọn ìyàwó tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kun ojú ìyàwó mọ èyí tó ń ṣí nígbà tí wọ́n bá ń sunkún, tí wọ́n bá ń làágùn, tí wọ́n bá ń jó. Láti inú ìmọ̀ yẹn ló ti wá ní ọjà tirẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń bá a tà á káàkiri.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ẹlẹ́yẹlé àti ibòmíràn, ìwé kékeré kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọjà, iye tí ẹ rà á, ọjọ́ tó lò lọ́wọ́ tàbí wákàtí tó lò lẹ́nu, àti ohun tó ṣí i. Nígbà tí oníbàárà bá béèrè bóyá èyí tí wọ́n kọ wákàtí 24 sí lára lè lo wákàtí 24 lóòótọ́, ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ sọ fún un pé ó lo wákàtí mẹ́fà lẹ́nu yín, àti pé àmàlà ló ṣí i. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò rà á, kò sì ní bínú nígbà tó bá ṣí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.